Ọ́ìlì kúlà nínú àwọn ọkọ̀ kékeré àtijọ́

Ọ́ìlì kúlà ni ohun èlò ọkọ̀ tí ó ń mú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tutù lẹ́yìn tí ọ́ìlì náà bá ti gba ooru lára àwọn irin tí ó ń yí. Ìrísí rẹ̀ jọ ti rédíétọ̀ kékeré. Ó ní àwọn páìpù pẹlẹbẹ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, àti àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín wọn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí ooru sì ń bá afẹ́fẹ́ náà lọ. Àwọn ọkọ̀ kan ní i láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n. Àwọn mìíràn kò ní i, ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni yóò rà á, tí mẹkáníìkì yóò sì bá a dè é mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kúlà ṣe pàtàkì jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ kékeré àtijọ́, nítorí pé ẹ́ńjìnì wọn kéré, ọ́ìlì inú wọn kò pọ̀, iṣẹ́ tí a sì ń gbé lé wọn lọ́wọ́ lónìí máa ń ju èyí tí àwọn tí ó ṣe wọ́n ní lọ́kàn lọ. Méjì nínú wọn ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé ní pàtàkì: Volkswagen Beetle, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí roboto, àti Mini ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ ìgbóná ọ́ìlì ti le jù, ṣùgbọ́n ohun tí ó fà á nínú ọ̀kan yàtọ̀ sí ohun tí ó fà á nínú èkejì.

Iṣẹ́ ọ́ìlì àti ìgbóná rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ ọ́ìlì kò ju kí irin máa yọ̀ lórí irin lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tún jẹ́ aláàárù ooru. Nínú agbára epo pẹtiróòlù tí ẹ́ńjìnì àtijọ́ ń jó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ni ó ń ti ọkọ̀ síwájú. Gbogbo ìyókù ń di ooru: apá kan ń bá èéfín jáde ní sàlẹ́ńsà, apá kan sì ń wọ inú irin ẹ́ńjìnì lọ. Ọ́ìlì ni ó ń dé abẹ́ písítìnì, ọrùn kíráńkì àti àwọn bíárín, níbi tí omi rédíétọ̀ tàbí afẹ́fẹ́ fáànù kò lè fọwọ́ kàn. Ó ń gba ooru níbẹ̀, ó sì ń ṣàn padà sínú sọ́ǹpù, ìyẹn àwo ọ́ìlì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì.

Bí ọ́ìlì bá ṣe ń gbóná sí i ni ó ń ṣàn bí omi sí i. Àwọn tí ń ṣe ọ́ìlì ń fi ìwọ̀n SAE sọ bí ó ṣe ki tó. Ọ́ìlì SAE 30 gbọ́dọ̀ wà láàárín 9.3 àti 12.5 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtísítóòkù nígbà tí ó bá gbóná dé 100 °C, ti 20W-50 sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 16.3 àti 21.9. Ní 40 °C, SAE 30 kan náà yóò ki tó ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí ó jẹ́ ní 100 °C, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ohun gbogbo bá wà bó ṣe yẹ, kíráńkì kì í fara kan bíárín rẹ̀ rárá. Awọ ọ́ìlì tín-ín-rín kan ni ó ń gbé e dúró láàárín àwọn méjèèjì. Bí ọ́ìlì bá gbóná jù, awọ náà yóò ya, irin yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ẹ́ńjìnì kò ní kú lọ́jọ́ náà. Yóò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbó ṣáájú àkókò rẹ̀, ẹni tí ń wa ọkọ̀ kò sì ní mọ̀ títí bíárín yóò fi máa kan gbọ̀ngbọ̀n.

Nǹkan bí 80 sí 110 °C ni ìgbóná tí ó dára fún ọ́ìlì nínú sọ́ǹpù. Bí ó bá pẹ́ lókè 120 °C, ọ́ìlì tí a fọ̀ láti inú epo rọ̀bì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ fúnra rẹ̀: ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́, ó ń dúdú, ó sì ń fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ sí ojú ọ̀nà tí ó ń gbà. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì máa ń lò ni pé bí ìgbóná bá fi 10 °C lé sí i, ìbàjẹ́ yìí yóò yára tó ìlọ́po méjì. Ọ́ìlì tí ó yẹ kí ó gbé ọkọ̀ rin 5,000 kìlómítà lè ti kú kí ó tó dé ìdajì rẹ̀.

Ọ́ìlì sì lè tutù jù. Ẹ̀gbẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí nígbà tí wọ́n bá ń ra kúlà. Omi wà nínú ohun tí epo ń dà bí a bá jó o, díẹ̀ nínú omi náà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì sọ̀ kalẹ̀ sínú sọ́ǹpù pẹ̀lú èérí pẹtiróòlù tí kò jó tán. Ọ́ìlì tí ó gbóná tó ń lé omi yìí jáde. Èyí tí kò gbóná tó ń bá a pò pọ̀, a ó sì bá nǹkan funfun bí ògì lábẹ́ ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Ògì yìí kò mú irin yọ̀, ó sì ń mú kí irin dípẹtà. Nítorí náà, kúlà tí ó tóbi jù lè ṣe ẹ́ńjìnì ní ibi bí àìní kúlà ṣe lè ṣe é.

Volkswagen Ìjàpá

Ìjàpá, tí Ferdinand Porsche àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Jámánì ní àwọn ọdún 1930, kò ní omi nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ rárá. Ẹ́ńjìnì náà wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, méjì ní ọ̀tún, méjì ní òsì, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n sì kẹ́yìn síra. Fáànù kan tí bẹ́ẹ̀tì ń yí pa pọ̀ pẹ̀lú dáínámò ń fẹ́ afẹ́fẹ́ láti òkè sí ìsàlẹ̀ gba inú àpótí páànù tí ó bo àwọn sìlíńdà náà. Ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ju lítà 2.5 lọ. Ọ́ìlì kékeré yìí ni ó ń ru ẹrù tí omi ì bá bá a ru nínú ọkọ̀ mìíràn, ìdí sì nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi fún un ní kúlà tirẹ̀.

Kúlà náà dúró lóòró lórí ẹ́ńjìnì, nínú àpótí fáànù, ní apá òsì. Ohun tí ó dára jù nínú iṣẹ́ yìí ni fáàfù tí ó ń darí ọ́ìlì sí i. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀, ọ́ìlì ki, ìfúnpá rẹ̀ sì ga. Ìfúnpá yìí ń ti písítìnì kékeré kan sísàlẹ̀ lórí sípíríǹgì rẹ̀, ọ̀nà kan sì ṣí tí ọ́ìlì ń gbà lọ tààrà sí àwọn bíárín láìgba inú kúlà. Bí ọ́ìlì bá ti ń gbóná, ìfúnpá ń dínkù, sípíríǹgì ń ti písítìnì náà padà sókè, ọ̀nà àbùjá yẹn sì ń dí. Ó wá di dandan kí ọ́ìlì gba inú kúlà. Kò sí wáyà, kò sí tẹ́mósítáàtì. Kíki ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìgbà tí ó yẹ kí a mú un tutù. Bí ìdọ̀tí bá há písítìnì yìí mọ́ ìsàlẹ̀, ọ́ìlì kò ní gba inú kúlà mọ́ bí ó ti wù kí ó gbóná tó. Bí ó bá sì há sókè, ìfúnpá òwúrọ̀ lè ya kúlà náà. Mẹkáníìkì tí ó bá rí Ìjàpá tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbóná láìnídìí, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣí.

Àléébù kan wà nínú ètò náà. Kúlà dúró sí iwájú afẹ́fẹ́ tí ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ sìlíńdà kẹta, èyí tí ó wà ní iwájú ní apá òsì. Afẹ́fẹ́ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti dínkù, ó sì ti gbóná lára kúlà kí ó tó dé ibẹ̀. Sìlíńdà kẹta wá di èyí tí fáàfù èéfín rẹ̀ máa ń jóná tàbí já jù. Fún àkókò kan, ilé iṣẹ́ ṣe dísítíríbútọ̀ tí ó ń mú kí iná sìlíńdà náà ta pẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ kí ooru rẹ̀ lè rọlẹ̀. Lórí àwọn ọkọ̀ ọdún 1971 tí wọ́n ní ẹ́ńjìnì 1600 ni wọ́n ti tún un ṣe dáadáa: wọ́n sún kúlà kúrò lójú ọ̀nà sìlíńdà kẹta, wọ́n kọ́ ilé páànù tirẹ̀ fún un, wọ́n mú fáànù fẹ̀ sí i, wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ó ti gba ara kúlà kọjá jáde sí òde ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní Ìjàpá tí ó dàgbà ju èyí lọ lè ra àpótí fáànù irú ti 1971 kí ó fi rọ́pò tàtijọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbóná ni ìṣòro rẹ̀, owó tí ó ná sí i yìí ní èrè ju èyí tí yóò ná sórí kúlà ìta lọ.

Ìtàn ọkọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó, lọ́nà Àgbádárìgì. Ní Brasil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Fusca, wọ́n ṣe é láti ọdún 1959 dé 1986, wọ́n sì tún padà sí i láti 1993 dé 1996. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ó ṣe é kẹ́yìn, ní oṣù keje ọdún 2003, nígbà tí iye gbogbo rẹ̀ ti di 21,529,464. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà ṣì wà ní ọjà títí di òní nítorí ọ̀pọ̀ yìí, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni wọ́n. Nínú rọ́bà kékeré méjì tí ó ń dí abẹ́ kúlà fúnra rẹ̀, àwọn kan wà fún ihò 8 mìlímítà, àwọn kan fún 10 mìlímítà. Ẹni tí ó bá fi èyí tí kò bá ihò mu sí i yóò máa rí ọ́ìlì lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, yóò sì máa rò pé kúlà ni ó lu.

Mini

Mini jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1959. Alec Issigonis ni ó ṣe é fún ilé iṣẹ́ BMC, ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 848 cc. Láti lè fi àyè sílẹ̀ fún ènìyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀ tí kò gùn ju mítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, ó dá ẹ́ńjìnì náà ní ìbú, ó sì fi gíà sí inú sọ́ǹpù rẹ̀. Omi ni ó ń mú ẹ́ńjìnì Mini tutù, kì í ṣe afẹ́fẹ́ bíi ti Ìjàpá. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnì àti gíà jọ ń lò. Eyín gíà ń fún ọ́ìlì náà, ó ń gé e, ó ń fi ooru tirẹ̀ kún ti ẹ́ńjìnì, ó sì tún ń fọ́n èérún irin sínú rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn onímini fi ń yí ọ́ìlì wọn léraléra ju àwọn onímọ́tò mìíràn lọ, tí wọ́n sì fi ń fẹ́ràn 20W-50.

Nínú Mini tí a kàn ń wà lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́, ọ́ìlì kì í gbóná dé ibi tí ó léwu, a kò sì nílò kúlà. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí Cooper dé ní 1961 àti Cooper S ní 1963. Àwọn ọkọ̀ yìí ń sáré, wọ́n sì gba ìdíje Monte Carlo ní 1964, 1965 àti 1967. Láti ọdún 1966 ni Cooper S 1275 ti ń jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ọ́ìlì kúlà lára rẹ̀. Wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn irin iwájú ọkọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, páìpù ọ́ìlì tí ó ti máa ń lọ láti ara ẹ́ńjìnì sí ọ̀dọ̀ asẹ́ ọ́ìlì ni wọ́n sì gé sí méjì, kí ọ́ìlì lè kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ kúlà. Ọ̀nà kan náà ni a ń gbà fi kúlà sí Mini títí di òní. Àwọn tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn tí a ń tà ní ìlà páìpù mẹ́tàlá.

Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ àwọn onímini lẹ́kọ̀ọ́ kejì. Ní oṣù kìíní, kúlà tí ó wà ní iwájú tí afẹ́fẹ́ yìnyín ń fẹ́ lù kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gbóná dé 80 °C, ògì funfun tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè sì máa ń yọjú. Àwọn kan ń fi páálí tàbí awọ bo iwájú kúlà ní ìgbà òtútù. Tẹ́mósítáàtì ọ́ìlì dára ju èyí lọ, nítorí pé páálí kò mọ ìgbà tí oòrùn ràn.

Àwọn kékeré yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Citroën 2CV ti ilẹ̀ Faransé, tí afẹ́fẹ́ ń mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù, ní kúlà láti ilé iṣẹ́, ní ẹ̀yìn fáànù gan-an, láàárín sìlíńdà rẹ̀ méjèèjì. Bí kúlà yìí bá mọ́ tónítóní, a kì í fi nǹkan kan kún un. Fiat 500 ọdún 1957 kò ní kúlà. Àwọn tí ó fẹ́ kí tirẹ̀ tutù máa ń fi sọ́ǹpù alumíníọ̀mù tí ó tóbi, tí ó sì ní ewé lábẹ́, rọ́pò ti ilé iṣẹ́. Sọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ kò ní họ́ọ̀sì tí ó lè já, èyí sì jẹ́ àǹfààní tí a kò gbọ́dọ̀ fojú kéré.

Kí a tó ra kúlà

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ọ́ìlì ń gbóná ní tòótọ́. Ọwọ́ tí a fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kò lè sọ èyí fún ni. Gééjì ìgbóná ọ́ìlì ni a nílò: irú kan wà tí a ń fi rọ́pò ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, irú mìíràn ń wọ inú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù. Kí a wa ọkọ̀ náà fún wákàtí kan ní ọ̀nà márosẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí a sì ka gééjì. Bí ó bá dúró lábẹ́ 110 °C, kí ènìyàn fi owó rẹ̀ ra ọ́ìlì tí ó dára. Gééjì ìfúnpá náà wúlò. Fún Ìjàpá, ìfúnpá tí kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju nǹkan bí 28 psi lọ ni a ń retí nígbà tí SAE 30 bá wà ní 70 °C, tí ẹ́ńjìnì sì ń yí ní ẹ̀ẹ̀mejì àbọ̀ lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ìyẹn 2,500, ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnì tí kò bá dé ibẹ̀ ti gbó. Kúlà kò lè sọ ọ́ di ọ̀dọ́.

Bí ìgbóná bá wà lóòótọ́, ohun tí ó fà á ni kí a wá. Nínú Ìjàpá, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni páànù tí kò pé. Páànù tí ó yí ẹ́ńjìnì náà ká, pẹ̀lú rọ́bà tí ó dí etí rẹ̀, ni ó pín afẹ́fẹ́ tútù òkè kúrò lára afẹ́fẹ́ gbígbóná ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tí ó bá tú ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kì í dá gbogbo páànù padà, nítorí ó ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún wọn. Fáànù á wá máa fa ooru sàlẹ́ńsà padà wọlé. Bẹ́ẹ̀ tí ó dẹ̀, iná tí ń ta ṣáájú àkókò rẹ̀, kábúrétọ̀ tí kò fún ẹ́ńjìnì ní epo tó, àkísà tàbí ewé tí fáànù ti fà mọ́ ara kúlà ilé iṣẹ́: gbogbo ìwọ̀nyí ń mú ọ́ìlì gbóná. Àwọn kan ti yọ tẹ́mósítáàtì afẹ́fẹ́ tí ó wà lábẹ́ sìlíńdà ọ̀tún nítorí wọ́n gbà pé ilẹ̀ wa gbóná. Bí ilẹ̀kùn inú àpótí fáànù tí ó ń darí bá há sí ipò títì lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, ẹ́ńjìnì náà yóò jóná. Kúlà ìta tí a dè mọ́ irú ẹ́ńjìnì báyìí ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ ni. Yóò dín ìgbóná ọ́ìlì kù, orí sìlíńdà yóò sì máa jóná lọ láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Bí a ṣe ń dè é mọ́ Ìjàpá

Ọ̀nà méjì ni a sábà ń gbà fa ọ́ìlì jáde fún kúlà ìta. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí a yọ kúlà ilé iṣẹ́, kí a fi irin kékeré kan tí ó ní ẹnu họ́ọ̀sì méjì rọ́pò rẹ̀ lórí ihò kan náà, kí a sì dí àyè tí kúlà fi sílẹ̀ nínú àpótí fáànù kí afẹ́fẹ́ má bàa ṣòfò níbẹ̀. Fáàfù ilé iṣẹ́ yóò ṣì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé a ti sọ kúlà tí fáànù ń fẹ́ ní gbogbo ìgbà nù, a sì ti fi èyí tí ó gbára lé eré ọkọ̀ dípò rẹ̀. Fún ọkọ̀ tí yóò máa rìn ní ìlú, pàṣípààrọ̀ yìí kò dára.

Ọ̀nà kejì le jù, ó sì sàn jù. A ó fi ìdérí tí ó ní ẹnu họ́ọ̀sì rọ́pò ìdérí pọ́ǹpù ọ́ìlì, a ó dí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà jáde láti inú pọ́ǹpù sínú ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì yóò sì jáde sí asẹ́, láti ibẹ̀ sí kúlà ìta, kí ó tó padà wọ ẹ́ńjìnì láti ẹnu ihò tí a lu sí ọ̀nà ọ́ìlì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìjàpá kò ní asẹ́ gidi láti ilé iṣẹ́, wáyà aláràn-ín kan ni ó wà nínú sọ́ǹpù rẹ̀, nítorí náà asẹ́ yìí gan-an jẹ́ èrè ńlá. Kúlà ilé iṣẹ́ yóò sì wà ní àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ lu ihò náà láìtú ẹ́ńjìnì palẹ̀, nítorí èérún irin tí yóò jábọ́ sínú ọ̀nà ọ́ìlì. Ìgbà tí a bá ń tún ẹ́ńjìnì ṣe ni a ń ṣe é. Kí a sì rántí pé fáàfù tí ń dín ìfúnpá kù wà lẹ́yìn họ́ọ̀sì àti asẹ́ nínú ètò yìí. Ní òwúrọ̀ tí ọ́ìlì bá ki, àwọn ni yóò gba gbogbo ìfúnpá pọ́ǹpù. Ìdérí pọ́ǹpù tí ó ní fáàfù tirẹ̀ ni kí a rà, kí a má sì máa tẹ ẹ́ńjìnì tútù mọ́lẹ̀.

Ibi tí a óò gbé kúlà sí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú ihò ìdérí ẹ̀yìn níbi tí fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ rọrùn jù. Ooru tí kúlà bá tú jáde níbẹ̀ ni fáànù yóò fà padà sórí sìlíńdà. Abẹ́ ìbòrí táyà ẹ̀yìn tàbí òkè gíà ni ó dára, pẹ̀lú àwọ̀n irin níwájú rẹ̀ nítorí òkúta. Rọ́bà gbọ́dọ̀ wà láàárín kúlà àti irin tí a dè é mọ́, torí gbígbọ̀n ọkọ̀ máa ń ya ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì yẹ kí ó kọjú sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá kọjú sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò há sí òkè rẹ̀.

Họ́ọ̀sì ni ibi tí ẹ̀mí ẹ́ńjìnì wà. Họ́ọ̀sì omi rédíétọ̀ kò lè gbà á. Ọ́ìlì yóò jẹ ẹ́ láti inú. Èyí tí a ṣe fún ọ́ìlì gbígbóná àti ìfúnpá ni kí a lò, kí ihò rẹ̀ tó nǹkan bí 12 mìlímítà, kí ó jìnnà sí sàlẹ́ńsà, kí ó má sì fara gbo irin kankan. Lítà 2.5 kì í pẹ́ jáde. Bí họ́ọ̀sì bá já lójú ọ̀nà márosẹ̀, pọ́ǹpù yóò da gbogbo rẹ̀ sí títì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àmì kan ṣoṣo tí awakọ̀ yóò sì rí ni iná ọ́ìlì tí ó tàn níwájú rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ó pa ẹ́ńjìnì, kì í ṣe nígbà tí ó bá dé ilé epo tí ó wà níwájú.

Tẹ́mósítáàtì ọ́ìlì, tí ó ń ṣí ní nǹkan bí 80 °C, yẹ kí ó wà lórí kúlà ìta yòówù, ní ilẹ̀ olóoru pàápàá, nítorí àwọn ìrìn kúkúrú òwúrọ̀ àti ọjọ́ òjò. Lẹ́yìn tí a bá ti dè gbogbo rẹ̀, a ó da ọ́ìlì sínú asẹ́ àti kúlà, a ó yọ gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì, a ó sì fi kíì yí ẹ́ńjìnì láìjẹ́ kí ó tàn títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Ìgbà náà ni a tó lè dá pọ́lọ́ọ̀gì padà kí a tan án. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, a ó pa á, a ó yẹ gbogbo ìsopọ̀ wò, a ó sì tún wọn ọ́ìlì, nítorí pé họ́ọ̀sì àti kúlà ti gba nínú rẹ̀.

Lílo rẹ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó, kúlà ìta tí kò ní fáànù kò ṣe nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ kò gba ara rẹ̀ kọjá nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ máa ń dí lójoojúmọ́ nílò fáànù iná mànàmáná kékeré lórí kúlà náà, pẹ̀lú súìṣì tí ń tan án fúnra rẹ̀ bí ọ́ìlì bá gbóná, kí wáyà rẹ̀ sì gba inú rílé àti fíúsì. Ṣùgbọ́n ìdádúró ojú ọ̀nà kọ́ ni ó ń mú ọ́ìlì Ìjàpá gbóná jù. Eré gígùn ní ọ̀nà márosẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, bíi láti Èkó dé Ìbàdàn láìsinmi, ni ó máa ń gbé gééjì sókè, níbẹ̀ sì ni kúlà ìta ti ń san owó rẹ̀ padà. Dídín eré kù láti 110 sí 90 kìlómítà ní wákàtí kan tún ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà láìná kọ́bọ̀.

Ní ìgbà ọyẹ́, eruku máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tí ó wà lára ewé kúlà, yóò sì di bí amọ̀. Fífi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí a sì fi omi tí kò ní agbára púpọ̀ ṣàn án, tó. Omi alágbára máa ń tẹ àwọn ewé náà lulẹ̀. Họ́ọ̀sì yẹ ní wíwò nígbà gbogbo tí a bá ń yí ọ́ìlì, kí a sì pààrọ̀ wọn bí wọ́n bá ti ń le gan-gan tàbí tí wọ́n ń sán.

Kúlà tí ó ti wà lára ẹ́ńjìnì tí bíárín rẹ̀ fọ́ kò ṣeé tún lò. Èérún irin há sínú àwọn páìpù pẹlẹbẹ rẹ̀, pẹtiróòlù kò lè fọ̀ ọ́ jáde tán, afẹ́fẹ́ kò sì lè fẹ́ ẹ jáde tán. Yóò dúró síbẹ̀ títí a ó fi so ẹ́ńjìnì tuntun mọ́ ọn, ọ́ìlì gbígbóná yóò sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú àwọn bíárín tuntun. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí a tún ṣe ni ó ti kú báyìí láàárín oṣù díẹ̀, tí a sì dá mẹkáníìkì tí ó tún un ṣe lẹ́bi. Nínú Ìjàpá, èyí kan kúlà ilé iṣẹ́ tí ó wà nínú àpótí fáànù náà, èyí tí a máa ń gbàgbé torí pé ojú kò rí i. Iye owó kúlà tuntun kéré púpọ̀ sí iye owó kíráńkì.